Màmá Akin, Oníṣègùn Èékánná

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí ọmọ kan bá ń jẹ èékánná ní àdúgbò wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fourth Avenue ní Festac, ìyá rẹ̀ kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀dọ̀ Màmá Akin ló ń mú un lọ. Bí ọmọ bá ń mu àtàǹpàkò, bó bá ń tọ̀ sórí ẹní, bó bá ń ṣẹ́jú pẹ́pẹ́pẹ́ bí ẹni tí iyanrìn bọ́ sí lójú, ọ̀dọ̀ Màmá Akin náà ni.

Bernice Fáṣínà ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọkọ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran Fáṣínà, wà ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, ipò rẹ̀ kò ga púpọ̀, àmọ́ táì rẹ̀ kì í wọ́. Nígbà tí ìjọba ń pín àwọn ilé Festac fún àwọn ará ìlú lẹ́yìn ayẹyẹ àṣà ńlá ti ọdún 1977, ìbò mú orúkọ wọn, wọ́n sì kó wá láti Mushin pẹ̀lú ọmọ méjì, Akíntúndé àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ẹ̀bùnlọlá. Kò pẹ́ tí wọ́n dé tí Màmá Akin fi di olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Oògùn rẹ̀ kò ṣòro. Á gún ewúro tí wọn ò tíì fọ̀, á fún omi rẹ̀ sínú ìgò, á da ata gígún díẹ̀ sí i, á wá fi ìyẹ́ adìyẹ kùn ún sí ìka ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń tọ̀ sílé kì í gba ata. Àwọn wọ̀nyẹn á gbé ẹní wọn lérí láàárọ̀, wọ́n á yí kúlóòsì ká, òpópónà kékeré tí àwọn ilé wa wà, àwọn ọmọ yòókù á sì máa kọrin tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá ń ṣẹ́jú á jókòó síwájú dígí títí ojú ara rẹ̀ á fi sú u.

“Ìtìjú ni olórí oògùn,” Màmá Akin máa ń wí. “Ata kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.”

A kò lè sọ pé oògùn náà kì í jẹ́. Ọmọ Alàgbà Ògúnjìnmí, ẹni tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán ilé wọn, dáwọ́ èékánná jíjẹ dúró pátápátá, ó wá ń jẹ kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ilé wọn fi àtàǹpàkò sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun iwájú orí rẹ̀ tu títí ibẹ̀ fi ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Àmọ́ kọ́là kì í ṣe èékánná, irun kì í ṣe àtàǹpàkò, àwọn òbí sì gbà pé ti àkọ́kọ́ ti sàn. Nígbà tí wọ́n bá mú ọmọ padà wá nítorí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, Màmá Akin á ní, “Òmíràn nìyí o,” á sì tún na ọwọ́ sí ìyẹ́ adìyẹ. Lákòókò tí mílíìkì àti ọṣẹ ìfọṣọ di ohun tí à ń sáré tò fún, méjèèjì kì í wọ́n nílé rẹ̀. Àwọn ìyá tó wá dúpẹ́ ló ń kó wọn wá.

Tí ẹnikẹ́ni bá ṣiyèméjì, á fi Akíntúndé hàn án. Ara Akin ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ náà mu àtàǹpàkò títí ó fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Ìyá rẹ̀ fi ata gbà á lẹ́nu rẹ̀. Akin bọ́ sórí èékánná. Ó fi ewúro lé e. Èékánná lọ, Akin ń tọ̀ sílé. Ó gbé ẹní lérí yí àgbàlá Mushin ká. Nígbà tí kò tọ̀ mọ́, ó wá ń fa irun ìpéǹpéjú rẹ̀ tu, ìyẹn ló sì gba bẹ́líìtì bàbá rẹ̀. Nígbà tó fi máa wọ sẹ́kọ́ńdìrì, kò sí ohun kan tó ń ṣe mọ́. Kì í jẹ èékánná, kì í ṣẹ́jú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Bí àlejò bá dé, á jókòó, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

“Ẹ wò ó,” Màmá Akin á wí fún àlejò. “Ọwọ́ ara mi ni mo fi tún un ṣe.”

Báyìí ni Akin ṣe dàgbà, ó lọ sí polí, ó sì rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìkọ́lé kan ní Apapa, ó ń bá wọn ya àwòrán ilé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí ìwé. Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré.

Lọ́dún 1984, nígbà tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri bí ẹni ń fún omi ẹ̀fọ́ dànù, wọ́n ní kí Akin náà máa lọ sílé. Kò bínú, kò sunkún. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kò wẹ̀ mọ́. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé sí i, eṣinṣin ló ń jẹ ẹ́. Kò sùn lóru, kò sì jí lọ́sàn-án.

Màmá Akin ní ọ̀lẹ ni. Bàbá rẹ̀ ní ìjọba ti kéde Ogun sí Ìwà Àìníjàánu, a kò gbọdọ̀ gbọ́ pé ilé Fáṣínà ni wọ́n ti borí ìjọba. Wọ́n fà á dìde lórí ẹní, wọ́n fún un ní ìgbálẹ̀ kó gbá àgbàlá. Ó dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ títí oòrùn fi mú un. Wọ́n pe àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi òróró pa á lórí, Alàgbà Ògúnjìnmí gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí Akin wá dẹ́kun ọ̀rọ̀ sísọ pátápátá, Ẹ̀bùnlọlá, tó ti ń kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, kò tún bi ẹnikẹ́ni. Ó gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó wọ bàtà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ.”

“Kí àwọn èèyàn wá sọ pé kí ló ṣe é?”

“Kí wọ́n sọ pé ara rẹ̀ ò yá.”

Wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì dá a dúró sí wọ́ọ̀dù. Àmọ́ ohun tí Màmá Akin sọ fún àdúgbò yàtọ̀ sí èyí tí Ẹ̀bùnlọlá ní kó sọ. Ìyáàfin Ògúnjìnmí ló kọ́kọ́ bèèrè.

“A kò rí Akin mọ́.”

“Ó wà ní Kàdúná. Kọ́ọ̀sì ni wọ́n rán an lọ.”

“Ta ló rán an? Ṣebí wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́?”

“Àwọn mìíràn ni,” Màmá Akin dáhùn. “Àwọn tó mọ iyì rẹ̀.”

Irọ́ tó ní ẹsẹ̀ kan, àfi kí èèyàn wá ọ̀pá fún un. Nígbà tí ìbéèrè pọ̀, Màmá Akin lọ sí Apple Junction, ó ra kúlíkúlí lọ́wọ́ àwọn Mọ̀lá tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó tú u sínú ọ̀rá mìíràn, ó pín in yí kúlóòsì ká. Ó ní Akin ló fi ránṣẹ́ láti òkè ọya. Alàgbà Ògúnjìnmí run ún lẹ́nu, ó di ojú, ó ní lójú ẹsẹ̀ ni èèyàn ń mọ kúlíkúlí Kàdúná, pé ti Èkó kì í gbó tó báyìí.

Níbi tí Akin wà, dókítà obìnrin kan ló ń tọ́jú rẹ̀, Dókítà Ọmọ́ṣaléwá. Kò dàgbà púpọ̀. Nígbà tí Màmá Akin kọ́kọ́ rí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá dókítà gan-an ń bọ̀. Dókítà ní kí ó jókòó, ó sì béèrè bí wọ́n ṣe bí Akin, bó ṣe rìn, bó ṣe sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Nígbà tó wà ní kékeré, mà, ṣé ó ní àwọn nǹkan tó máa ń ṣe tí ara rẹ̀ ò bá balẹ̀? Bíi kó máa jẹ èékánná, kó máa mu ọwọ́, kó máa tọ̀ sílé?”

Inú Màmá Akin dùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí kí ọ̀mọ̀wé kan bi í ní ìbéèrè yìí. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àtàǹpàkò, ó dé orí èékánná, ó kọjá sí ti ẹní, ó parí rẹ̀ sí ìpéǹpéjú. Ó ṣàlàyé bí ata ṣe gbọdọ̀ kéré sí ewúro. Ó ní tí ilé ìwòsàn bá fẹ́, òun lè wá kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.

“Gbogbo rẹ̀ ló ṣe?” Dókítà bèèrè.

“Gbogbo rẹ̀. Mi ò sì jẹ́ kí èyíkéyìí pẹ́ lára rẹ̀.”

“Kí ló ń bà á lẹ́rù nígbà náà, mà?”

“Ta ni?”

“Akíntúndé.”

“Ọmọdé ni nígbà náà. Kí ló máa ń ba ọmọdé lẹ́rù? Ó ń jẹun, ó ń sùn.”

Dókítà gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. “Mà, ẹ má jẹ́ kí n dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń jẹ èékánná, tí wọ́n á dàgbà, tí nǹkan kan ò ní ṣe wọ́n. Èékánná kì í pa èèyàn. Àmọ́ tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn bá jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà láti kékeré, tí ẹ̀rù náà kàn ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn lára rẹ̀, a kì í fojú fo irú wọn níbí. Irú wọn lè máa ro ikú kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ó ti sọ fún yín rí pé ayé sú òun?”

“Ọmọ tèmi? Ọlọ́run má jẹ́.”

“Ṣé ẹ ti bi í?”

“Dókítà, wọn kì í bi ọmọ ẹni ní irú ìyẹn. Ẹni tó bá pe ikú, ikú á jẹ́ ẹ.”

“Rárá, mà. Bíbi kọ́ ló máa fi sí i lọ́kàn. Tó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bíbi ló máa jẹ́ kó rí ẹni sọ ọ́ fún. Tó bá délé, kó máa lo oògùn rẹ̀ déédéé, kó sì máa wá lọ́jọ́ tí a bá dá fún un. Ẹ máa bi í, mà.”

Màmá Akin dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí òun àti Ẹ̀bùnlọlá dé ìta, ó ní, “Mo wo ọwọ́ ọmọ yẹn. Kò sí èékánná kankan níbẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ tán. Ẹni báyẹn ló wá ń kọ́ mi.”

Ẹ̀bùnlọlá ti jókòó tì wọ́n nínú yàrá dókítà. Ó ti gbọ́ ohun tí dókítà sọ, kò sì gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Akin ti Kàdúná dé. Àdúgbò wá kí i. Ó ti ń sọ̀rọ̀, ó ti ń jẹun, ó sanra díẹ̀, Ìyáàfin Ògúnjìnmí sì ní omi òkè ọya bá a lára mu. Ọkọ rẹ̀ ní kó sọ Haúsá díẹ̀ kí àwọn gbọ́. Akin wo ìyá rẹ̀.

“Sànnú,” ó wí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kọ́ọ̀sì náà wọ̀ ọ́ lára.

Ìyá rẹ̀ kó oògùn rẹ̀ sínú agolo mílíìkì kan lókè àpótí kí àlejò má bàa rí i. Bí ilé bá ti kún, kò ní sí oògùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kò ní sí oògùn, nítorí kí Akin má bàa tòògbé nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó rí i pé ọmọ náà ń sùn, ó sì ń dáhùn tí wọ́n bá pè é, ó ní ara rẹ̀ ti yá, ó sì da èyí tó kù nù. Ọjọ́ tí dókítà dá bọ́ sí ọjọ́ ìpàdé àwọn obìnrin. Wọn ò lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Akin bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù rẹ̀. Ó gbé pátákó tó fi ń yàwòrán fún ọmọ kan tó ń lọ sí ilé-ìwé tẹ́kíníkà. Ó fún ẹlòmíràn ní rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bàtà aláwọ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́, ó fún Alàgbà Ògúnjìnmí, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi jù ú lọ, àmọ́ tí kò jẹ́ kí ìyẹn dí ìbùkún lọ́wọ́. Ojú Akin tún wá mọ́lẹ̀, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ kan.

Màmá Akin dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí. Ó ní Ọlọ́run ti fi ẹ̀mí ìfúnni sínú ọmọ òun. Ìjọ hó yèè. Àlùfáà fi Akin ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ tó kù náà lọ ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ní ẹ̀wù méjì. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn kan wá bi Akin bóyá ó ṣì ku nǹkan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Ẹ̀bùnlọlá. Ó ní, “Máa lò ó fún kíláàsì rẹ. Máa tọ́jú Màmá.” Ẹ̀bùnlọlá gba aago náà. Ó lọ bá bàbá rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ tí Bọ̀dá Akin ń sọ kò yé òun. Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà ní ọkùnrin tó bá ń sọ pé kí wọ́n tọ́jú ìyá òun ti ń dàgbà nìyẹn.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé tí gbogbo Èkó ń tún àyíká ṣe. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn títí aago mẹ́wàá, gbogbo kúlóòsì sì wà níta pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti ìgbálẹ̀, wọ́n ń kó gọ́tà. Ẹ̀bùnlọlá rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú kíṣìnnì níbi tó ti ń fọ abọ́. Ó pa ẹ̀rọ omi.

“Bọ̀dá Akin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.”

Ó jókòó lórí àpótí.

“Kí ló dé tí ẹ fi ń pín ẹrù yín?”

“Mi ò lò wọ́n mọ́.”

“Aago yín ńkọ́? Ẹ kì í bọ́ ọ àfi tí ẹ bá fẹ́ wẹ̀.”

Ẹ̀bùnlọlá ní nígbà tó yá pé ahọ́n òun wúwo lọ́jọ́ náà bí ẹni pé èébú lòun fẹ́ bú u. Àmọ́ ó sọ ọ́.

“Bọ̀dá mi, ṣé ẹ̀ ń ronú láti para yín ni?”

Àwọn tó wà níta ń rẹ́rìn-ín, ṣọ́bìrì ń ha ilẹ̀. Akin wo ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó wí, bí ẹni tí wọ́n bi bóyá á jẹ ìrẹsì. “Ó ti pẹ́. Mo rò pé ẹnì kan máa bi mí. Nígbà tí ẹnì kankan ò bi mí, mo ní bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí lójú gbogbo yín.”

“Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú tèmi.” Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tọṣẹ-tọṣẹ. “Mo ti bi yín báyìí. Ọ̀dọ̀ dókítà là ń lọ lónìí, mi ò sì ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín títí a ó fi dé ọ̀hún.”

“Àwọn aládùúgbò ńkọ́?”

“Àwọn aládùúgbò ń kó gọ́tà.”

Láti ojú fèrèsé ló ti pe ìyá wọn, nítorí kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Màmá Akin wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó gbọ́, ó kọ́kọ́ ní òun máa lọ mú òróró. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Bàbá wọn wọlé tẹ̀ lé e.

“Ta ló gbọ́?” ni ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Èmi ni mo gbọ́, Dádì,” Ẹ̀bùnlọlá wí. “Ẹ wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.”

Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà wo aago ara ògiri. Ó ní aago mẹ́wàá kò tíì lù, òṣìṣẹ́ ìjọba lòun, òun kò lè wa mọ́tò ní àkókò tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ẹ̀bùnlọlá jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sọ fún un pé kó máa sọ ohunkóhun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀. Akin sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń gbọ́, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí aago ṣe lu mẹ́wàá, wọ́n wọ Píjò bàbá wọn. Mọ́tò náà kọ̀, kò dún. Gbogbo kúlóòsì ṣì wà níta, wọ́n sì gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀ wá tì í. Wọ́n rí Akin lẹ́yìn, wọ́n rí báàgì.

“Kàdúná tún yá nìyẹn,” Ìyáàfin Ògúnjìnmí wí. “Akin, bá mi ra àlùbọ́sà bọ̀ o, ti ibẹ̀ tóbi.”

“Kó má gbàgbé kúlíkúlí,” ni ọkọ rẹ̀ wí. Bàtà Akin ló wọ̀ kó gọ́tà.

Ẹlòmíràn ní kó bá òun kí ẹ̀gbọ́n òun ní Sàbọ́n Tàṣà, ní Kàdúná lọ́hùn-ún. Wọ́n súre fún un, wọ́n ní ọ̀nà á ṣí, wọ́n sì ti èjìká mọ́ mọ́tò. Akin ń wo iwájú. Ẹ̀bùnlọlá kò jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni Màmá Akin ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, gèlè rẹ̀ ti ṣí.

“Ẹ gbọ́ mi,” ó wí. “Kì í ṣe Kàdúná là ń lọ. Kò lọ Kàdúná rí. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ló wà. Apple Junction ni mo ti ra kúlíkúlí tí ẹ jẹ. Ọmọ mi ń ṣàìsàn, ó ń ro ikú, mo sì da oògùn rẹ̀ nù. Ibẹ̀ là ń gbé e padà sí. Ẹ bá wa ti mọ́tò.”

Àwọn kan ti yọ ọwọ́ kúrò lára mọ́tò náà bí ẹni pé ó gbóná. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Làtífátù aránṣọ, tó ń gbé ní ilé tó tẹ̀ lé tiwọn, ló tún gbé èjìká rẹ̀ ti búùtù.

“Ṣé ọ̀rọ̀ tó sọ ló máa ti mọ́tò ni?” ó wí. “Ẹ tì.”

Wọ́n tì í. Ó wúkọ́, ó dún, ó gbéra. Bí wọ́n ṣe ń yà sí ojú Fourth Avenue, Alàgbà Ògúnjìnmí nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, “Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kúlíkúlí yẹn ò gbó.”

Akin pẹ́ nílé ìwòsàn lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá rẹ̀ ń lọ wò ó, bọ́ọ̀sì kan sí òmíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi fùrúǹtù kan nínú ọgbà, ó sì bi í ní ìbéèrè tí Dókítà Ọmọ́ṣaléwá bi òun.

“Akin, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù nígbà tí o wà ní kékeré?”

“Ìró bàtà yín, mà.”

“Bàtà mi?”

“Tí ẹ bá ń bọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ láti ẹnu géètì. Mi ò kì í mọ ohun tí ẹ máa wá wò lára mi lọ́jọ́ náà.”

Màmá Akin la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti wà níbẹ̀, pé ìfẹ́ ni, pé ìyá wo ló máa rí ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ ara rẹ̀ kó dákẹ́. Ó pa á dé. Ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ṣé ó ṣì ń bà ọ́ lẹ́rù?”

“Nígbà mìíràn.”

“Ṣé kí n máa bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà?”

Akin rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ máa wọ̀ ọ́, mà. Ẹ ṣáà máa bá mi sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wò mí.”

Àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́ pe Màmá Akin. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, pé ó parọ́, àti pé ó sọ òótọ́ ní gbangba. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ká wọn lára jù. Wọ́n ní ẹ̀mí ikú tó dárúkọ sójú títì lè bà lé ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n gba kíláàsì àwọn ọmọdé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Ìyáàfin Ògúnjìnmí, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo èékánná pẹ̀lú kìnínì lílọ̀. Wọ́n ní tirẹ̀ korò ju ti Màmá Akin lọ, àwọn ìyá sì ya lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ ti jẹ kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ dé èjìká nígbà náà.

Màmá Akin kò wo ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Tí ọmọ kan bá wà níwájú rẹ̀ tó ń jẹ èékánná, ó máa bi í pé ta ló ń bínú sí i nílé, ìbéèrè yìí kò sì mú kí àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní ó ti ya aláfojúdi. Síbẹ̀, àwọn kan ń gba ẹ̀yìn ilé wá bá a, láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa bí nǹkan ṣe wọ́n lọ́jà, kí wọ́n tó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè pé “Kàdúná” yẹn, ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà débẹ̀, ṣé ó ní ọjọ́ tí wọ́n ń gba èèyàn. Ó ń sọ fún wọn. Lọ́jọ́ kan tó bá Akin lọ gba oògùn, ó rí Alàgbà Ògúnjìnmí lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, tó fi ìwé ìròyìn bo ojú. Ìwé náà dorí kodò. Màmá Akin kí i, ó sì wá ibi jókòó sí níwájú kí bàbá náà lè sọ ìwé rẹ̀ kalẹ̀.

Akin kò padà sí Apapa. Nígbà tí ọdún 1987 fi máa parí, ó ti gba yàrá kan sí Ijegun-Egba, ó ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó ń ra ilẹ̀ níbẹ̀ àti ní àgbègbè Satellite. Kì í ṣe gbogbo àárọ̀ ló ń lè dìde. Lọ́jọ́ tí kò bá lè dìde, ó máa ń rán ọmọ onílé sí Ẹ̀bùnlọlá, Ẹ̀bùnlọlá á sì wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tún gbà á sí wọ́ọ̀dù, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé kí wọ́n gbé òun lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá rẹ̀ lọ kí i pẹ̀lú ẹ̀wà nínú kúlà. Ó bá a níbi tó ti ń bá oníbàárà kan ṣe àríyànjiyàn. Ilẹ̀ ọkùnrin náà jẹ́ àbàtà, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló sì fẹ́ kọ́ sí i, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ́ tirẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, mà,” ọkùnrin náà wí. “Èmi ni mo ni ilẹ̀ mi.”

“Ilẹ̀ yín ni,” Akin dáhùn, “àmọ́ omi ló ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mi ò ní yà á.”

Ọkùnrin náà bínú lọ. Màmá Akin gbé ẹ̀wà kalẹ̀, ó sì wá abọ́ méjì.

“Báwo ni ọkàn rẹ lónìí?” ó bèèrè.

“Ó wúwo díẹ̀, mà. Kò pọ̀.”

“Ṣé ti ikú wà níbẹ̀?”

“Kò sí lónìí.”

Ó bu ẹ̀wà fún un, ó bu tirẹ̀, ó ní ata rẹ̀ lè pọ̀ jù, pé kó fi gààrí sí i.